Onídùúró Eré: Bí Àwọn Olólùfẹ́ Anime Ṣe Ń Júwe Eré fún Ara Wọn

Bí ẹni méjì tí ó fẹ́ràn anime bá pàdé, kì í pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi bi èkejì pé, "Èwo ni o ń wò lọ́wọ́?" Láti orí ìbéèrè yìí ni wọn yóò ti máa dárúkọ eré, tí wọn yóò máa jiyàn lórí àwọn ẹ̀dá ìtàn, títí olúkúlùkù yóò fi lọ sílé pẹ̀lú orúkọ eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lójú ẹni tí ó ń gbọ́ wọn láti òkèèrè, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn anime, irú ọ̀rọ̀ báyìí ti jí eré tí ó ti kú dìde. Ó ti gbé eré kọjá òkun kí àwọn oníṣòwò tó ronú àtigbé e. Ó sì ti pa àwọn tí ń ṣe eré náà lára nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Wo eré yìí, o kò ní kábàámọ̀," ti di onídùúró. Ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí onídùúró náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, ni àlàyé yìí dá lé lórí.

Ohun tí Anime Jẹ́

Anime ni orúkọ tí àwọn ará Jàpáànù ń pe eré aláwòrán, ìyẹn eré tí a fi àwòrán yíyà ṣe dípò ènìyàn. Lẹ́nu àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn, kò sí eré aláwòrán tí kì í ṣe anime, ibi yòówù kí ó ti wá. Lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ mìíràn, èyí tí ó ti Jàpáànù wá nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn eré náà ni a mú jáde láti inú manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán tí tọmọdé tàgbà ń kà ní ilẹ̀ náà.

Àwòrán 24 ni fíìmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí a bá ní kí a ya gbogbo rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó kò ní ká a, ọwọ́ kò sì ní ká a. Osamu Tezuka, ayàwòrán tí a bí ní ọdún 1928 tí ó sì kú ní ọdún 1989, ni ó wá ọgbọ́n sí ọ̀ràn yìí pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí eré wọn, Tetsuwan Atomu, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Astro Boy, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963, àwòrán kan ni wọ́n ń lò fún ìgbà bíi mélòó kan kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò máa mì. Àwòrán tí wọ́n ti lò lánàá, wọn yóò tún un lò lọ́la. Báyìí ni eré aláwòrán ṣe di ohun tí a lè ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kò tó ohun tí iṣẹ́ náà ń ná wọn. Láti orí títà nǹkan ìṣeré, àti láti òkè òkun, ni wọ́n ti ń wá ìyókù. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ owó yóò tún padà wá níwájú.

Lóde òní, ìgbà mẹ́rin ni eré tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún: ní oṣù kìíní, oṣù kẹrin, oṣù keje àti oṣù kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lò. Bí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá dé, eré tuntun a máa jáde ní mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀. Ti ogun wà nínú wọn, ti ìfẹ́ wà, ti oúnjẹ wà, ti eré ìdárayá wà, ti iwin àti ẹbọra sì wà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní òun yóò wo gbogbo rẹ̀ tán kò ní rí àyè sùn. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù fi nílò ojú ẹlòmíràn, kí ẹni tí ó ti wò ó lè sọ fún ẹni tí kò ì wò ó.

Àwọn Eré tí Òǹwòran Jí Dìde

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1974 ni eré kan tí ń jẹ́ Uchū Senkan Yamato bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù. Ìtàn ọkọ̀ ogun kan ni, tí ó gbéra kúrò láyé lọ sí ojú ọ̀run láti wá ohun tí yóò gba aráyé là. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan náà, ilé-iṣẹ́ mìíràn ń fi eré Heidi hàn, ìtàn ọmọbìnrin kan ní orí òkè ilẹ̀ Switzerland, èyí tí tìyá tọmọ ń jókòó wò. Àwọn tí ń wo Yamato kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gé e kúrú. Ìpín 26 ni ó ṣe, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1975.

Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí ó wò ó kò dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé kéékèèké láti fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán pé kí wọ́n tún un fi hàn. Nígbà tí a tún un fi hàn, èrò pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1977, nígbà tí a kó àwọn ìpín rẹ̀ pọ̀ di fíìmù kan, àwọn ọ̀dọ́ sun ẹnu ọ̀nà ilé sinimá mọ́jú kí wọ́n lè rí ààyè wọlé. Ọjọ́ náà ni àwọn oníṣòwò tó mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ kékeré nìkan ni ń wo anime.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún Gundam, eré tí Yoshiyuki Tomino darí ní ọdún 1979. Ìpín 52 ni wọ́n pète, ṣùgbọ́n nǹkan ìṣeré tí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fẹ́ tà kò tà bí ó ti rò, ni wọ́n bá dá a dúró ní ìpín 43 ní oṣù kìíní ọdún 1980. Nígbà tí a tún un fi hàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1981, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ péjọ sí Shinjuku ní ìlú Tokyo nítorí fíìmù rẹ̀ tí ó fẹ́ jáde. Títí di òní, wọn kò ì dá Gundam dúró. Ọ̀kan ń parí, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ méjèèjì kò fara sin. Òǹkà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò mọ iye orí tí ó wà níwájú tẹlifíṣàn lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò mọ orí tí yóò tún lọ pe orí mìíràn wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àwọn olólùfẹ́ Yamato àti ti Gundam sì fi èyí hàn.

Ìpàdé àti Ìwé Ìròyìn

Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè rìn jìnnà, ó ń fẹ́ ibi ìpàdé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1975, a ṣe ọjà àkọ́kọ́ tí a ń pè ní Comiket ní Tokyo, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ti ń ta ìwé tí wọ́n fúnra wọn tẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ni ó pàtẹ, àwọn tí ó wá sì tó nǹkan bí 700. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, iye èrò ọjà kan ṣoṣo, bí a bá ro ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ti kọjá 500,000.

Ìwé ìròyìn Animage tẹ̀ lé e ní ọdún 1978. Ó ń gba lẹ́tà àwọn òǹkàwé, láti ọdún 1979 ni ó sì ti ń ní kí wọ́n dìbò yan eré tí ó wù wọ́n jù. Inú ìwé ìròyìn yìí kan náà ni Hayao Miyazaki ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn aláwòrán Nausicaä jáde ní ọdún 1982. Ìtàn náà di fíìmù ní ọdún 1984. Ní ọdún 1985 a dá ilé-iṣẹ́ Ghibli sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí fíìmù rẹ̀ méjì ti gba ẹ̀bùn Oscar, ọ̀kan ní ọdún 2003, èkejì ní ọdún 2024. Àtorí ìwé tí a ń tẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ ni ọ̀nà náà ti là.

Bí Anime Ṣe Sọdá Òkun

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ fún ìfẹ́ anime ni Cartoon/Fantasy Organization, tí Fred Patten àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1977. Ẹ̀rọ fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ni nígbà náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gba eré sínú kásẹ́ẹ̀tì láti orí ìkànnì tẹlifíṣàn tí ń bá àwọn ará Jàpáànù tí ó wà ní ìlú náà sọ̀rọ̀. Wọn a péjọ wò ó, ẹni tí ó gbọ́ èdè náà díẹ̀ a sì máa ṣe ògbufọ̀ fún ìyókù.

Ohun kan ràn wọ́n lọ́wọ́. Ètò tẹlifíṣàn kan náà, NTSC, ni Jàpáànù àti Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rẹ́ kan fi ránṣẹ́ láti Tokyo yóò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà láìṣe àtúnṣe kankan. Ní Bìrìtìkó àti ní Nàìjíríà, níbi tí ó jẹ́ pé ètò PAL ni a ń lò, kásẹ́ẹ̀tì náà kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kékeré bí èyí ni ó máa ń pinnu ibi tí àṣà kan yóò kọ́kọ́ fìdí sí.

Láti apá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olólùfẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ránṣẹ́. Bí a ti ń ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣú sí i, tí ohùn ń rì. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wò ó, nítorí pé ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni ó fi ránṣẹ́. Àwọn olùṣe ẹ̀dà ní òfin láàárín ara wọn: a kì í fi èrè tà á, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ti ra ẹ̀tọ́ eré náà fún ilẹ̀ wọn, kí olúkúlùkù ṣíwọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó pa òfin náà mọ́.

Ọgbọ́n Ìjúwe

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í kọ́kọ́ dárúkọ eré. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ ń béèrè. Irú ìtàn wo ni ẹni náà máa ń kà? Ṣé ó lè fara da ẹ̀jẹ̀ àti ikú? Àkókò mélòó ni ó ní? Bí dókítà kan, tàbí ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bá béèrè, wọn lè júwe Monster fún un, eré onípìn-ín 74 tí ó jáde láàárín ọdún 2004 sí 2005. Ìtàn oníṣẹ́ abẹ ará Jàpáànù kan ni ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó gba ẹ̀mí ọmọ kan là, tí ọmọ náà sì dàgbà di apànìyàn. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé rárá: ṣé ẹ̀mí kan ju ẹ̀mí kan lọ ni?

Kò yẹ kí onídùúró fi ojú àwòrán nìkan ṣe ìdájọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ Ghibli gbé fíìmù méjì jáde lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n ń fi hàn tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀kan ni My Neighbor Totoro ti Miyazaki, tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè wò kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Èkejì ni Grave of the Fireflies ti Isao Takahata, ìtàn ọmọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ebi ń pa ní ìgbà ogun ọdún 1945. Ilé kan náà ni méjèèjì ti wá, ọjọ́ kan náà ni a bí wọn. Ẹni tí ó bá sọ fún òbí kan pé, "Ti Ghibli ni, ọmọ lè wò ó," láìsọ èwo, ti ṣe aburú sí ọmọ náà.

Àwọn olólùfẹ́ tún máa ń sọ pé kí a wo ìpín mẹ́ta kí a tó pinnu bóyá a ó kọ eré kan sílẹ̀. Puella Magi Madoka Magica, onípìn-ín 12 tí ó jáde ní ọdún 2011, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìtàn ọmọdébìnrin onídán tí aṣọ rẹ̀ ń dán. Ní ìpín kẹta ni ó ṣí ojú rẹ̀ gan-an sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, olólùfẹ́ tòótọ́ kò ní sọ. Ẹni tí ó bá ti sọ ìparí àlọ́ kí apàlọ́ tó dé ibẹ̀ ti gba àlọ́ náà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbọ́.

Ìmọ̀ràn lórí ibi tí a ó gbà wọlé náà ṣe pàtàkì. One Piece bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, ìpín rẹ̀ sì pé 1,000 ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Naruto àkọ́kọ́ ní ìpín 220, ṣùgbọ́n nítorí pé eré ń lé ìwé bá, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìpín tí kò sí nínú ìwé kún apá ìparí rẹ̀. Àwọn tí ó ti wò ó ni wọ́n ń sọ fún àlejò èyí tí ó lè fò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iṣẹ́ onídùúró ni láti mọ ọ̀nà tí yóò yá ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ibi tí Onídùúró ti Ń Ṣìnà

Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní, kí ènìyàn máa júwe ohun tí ó wu òun fún gbogbo ènìyàn, láìwo ẹni tí ó béèrè. Èkejì, kí ó máa fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe ìgbéraga, tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò fi rò pé òun gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kí òun tó lè fẹ́ràn nǹkan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé tí ó yẹ kí ó ṣí. Ẹ̀kẹta, kí ó máa tún orúkọ eré mẹ́wàá tí gbogbo ayé ti mọ̀ pè, tí eré kéékèèké tí kò ní alágbàwí yóò fi kú sínú òkùnkùn. Bí ó bá jẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ṣe nìyí ní ọdún 1975, ta ni ìbá rántí Yamato?

Àríyànjiyàn lórí Ẹ̀dà tí A Kò Sanwó Rẹ̀

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù láàárín àwọn olólùfẹ́ ni ti ẹ̀dà. Àwọn kan ní bí kì í bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì àti ìtumọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, anime ìbá má dé òkèèrè. Àwọn ni wọ́n dá ọjà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń jẹ lónìí. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n ń pín kiri, àti pé ìfẹ́ kò sọ ohun tí kì í ṣe tẹni di tẹni.

Òótọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Crunchyroll, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, gba eré tí kò ní àṣẹ láyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní ọdún 2009 ni ó yọ wọ́n kúrò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Naruto Shippuden hàn pẹ̀lú àṣẹ, láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó bá jáde ní Jàpáànù. Láti ìgbà náà, àwíjàre pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti rí eré wò ti dínkù púpọ̀.

Ta ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ń pa lára? Ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán anime, JAniCA, tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé ní ọdún 2013, àwọn tí ń ya àwọn àwòrán àárín, ìyẹn àwọn tí ń mú kí ẹ̀dá ìtàn rìn láti ibì kan dé èkejì, ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 yen lọ́dún. Iye yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà ń gbà ní ìpíndọ́gba ní ọdún náà. Òtítọ́ mìíràn ni pé bí a tilẹ̀ sanwó, kì í sábà dé ọwọ́ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó dá owó jọ ṣe eré ni wọ́n ń pín èrè rẹ̀. Iye iṣẹ́ nìkan ni ilé-iṣẹ́ tí ó yà á máa ń gbà. Nítorí náà, sísanwó eré nìkan kò tó. Ó yẹ kí òǹwòran mọ orúkọ àwọn tí ó yà á, kí ó sì máa pè é.

Pé àwọn olólùfẹ́ lè rántí wọn, ọ̀ràn Kyoto Animation jẹ́rìí sí i. Ilé-iṣẹ́ yìí, tí a mọ̀ fún sísan owó oṣù fún àwọn ayàwòrán rẹ̀, ni ọkùnrin kan dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 2019. Ènìyàn 36 ni ó kú. Láti Jàpáànù àti láti òkè òkun, owó tí àwọn ènìyàn dá fún àwọn tí ó yè àti ìdílé àwọn tí ó kú ju bílíọ̀nù 3 yen lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dá owó náà kò tẹ ilẹ̀ Jàpáànù rí. Eré tí ẹnìkan ti júwe fún wọn rí ni ó so wọ́n mọ́ àwọn òkú náà.

Gbèsè Onídùúró

Nínú àṣà Yorùbá, onídùúró kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán. Bí ọ̀ràn bá yí padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ń padà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń júwe eré. Ó jẹ ẹni tí ó béèrè ní òtítọ́, kí ó sọ ohun tí ó dára nínú eré àti ohun tí ó lè dun ni. Ó jẹ eré náà ní sùúrù, kí ó má sọ ìparí rẹ̀, kí ó má sì fi ìpín kan ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ó jẹ ayàwòrán ní owó iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ tí ń sọ ìwé tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà fún un, wà nínú gbèsè kan náà. Ẹni tí ó bá san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ eré kan ṣoṣo ni ó júwe láyé rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ tí òǹkà àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kò lè ṣe.